Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Lórí Rédíò Nípa Àwọn Ọmọ Márùn-ún Kan

Oṣù kọkànlá ọdún 2019 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìdíje básíkẹ́tì àwọn ilé-ìwé girama ń lọ lọ́wọ́ níbí ní Ìbàdàn, èmi sì ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé eré náà lórí rédíò. Ilé-ìwé kan jáde tí àwọn ọmọ rẹ̀ kúrú. Èyí tó ga jù nínú wọn, èjìká ọmọ tó fẹ́ kojú rẹ̀ ló dé. Bí rẹfirí ṣe fọn fèrè, mo retí kí kálukú wọn mú ẹni tirẹ̀ kó sì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Méjì dúró níwájú, mẹ́ta tò sẹ́yìn nítòsí àwọ̀n, gbogbo wọn na ọwọ́ sókè, wọ́n ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù. Mo sún mọ́ ẹ̀rọ, mo ní: "Ẹ̀yin ará ilé, ìdènà ọ̀lẹ lẹ ń wò yìí o. Àwọn ọmọ yìí ò fẹ́ sáré."

Àwọn ọmọ náà ló borí. Wọ́n fi pọ́ìǹtì mẹ́fà na àwọn tó ga jù wọ́n lọ, mo sì ka èsì náà jáde láìronú pé ó tako ohun tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tún gbá. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n jáde bí ẹni tínú ń bí. Kálukú mú ẹnì kan, ó ń lé e kiri kọ́ọ̀tù. Inú mi dùn sí wọn. Mo tilẹ̀ yìn wọ́n lórí afẹ́fẹ́: "Ẹ wò wọ́n lónìí, wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù bí akin!" Ká tó dé ìdajì eré, èémí ti ń tán nínú wọn. Ọmọ gíga tó wà lọ́dọ̀ àwọn alátakò kàn ń nawọ́ gba bọ́ọ̀lù lókè orí wọn ni, ó ń rọra jù ú sáwọ̀n. Ó lé ní ogún pọ́ìǹtì tí wọ́n fi nà wọ́n. Títí fèrè ìparí fi dún ni mo ń yìn wọ́n.

Mo ń ká wáyà mi nílẹ̀ nígbà tí kóòṣì wọn wá bá mi. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Bàtà kànfáàsì tó wọ̀ ti ń la ẹnu níwájú. Kò pariwo.

"Àbúrò, ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀ lórí rédíò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Èmi ni, sà."

"'Ọ̀lẹ' ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ mi nílé-ìwé láti ọjọ́ náà. Ní asẹ́ńbìlì, tí wọ́n bá ti ń kọjá, ariwo ni. Mo bẹ̀ wọ́n lónìí pé kí wọ́n dúró síbi tí mo kọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ò dúró síbẹ̀ mọ́, pé gbogbo ìlú ti gbọ́."

Mo fẹ́ gba ara mi sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe èmi ni mo dá orúkọ yẹn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pè é náà nìyẹn."

Ó wò mí lójú. "Ta ni wọ́n?"

Mi ò rí nǹkan sọ.

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé sùn. Láti kékeré ni mo ti ń jí lóru wo NBA, líìgì básíkẹ́tì Amẹ́ríkà, lórí tẹlifíṣàn, tí bàbá mi á ti sùn lọ lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹnu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́ eré náà, àtọ̀rọ̀ àtìdájọ́ ni wọ́n sì jọ dì fún mi pọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe man-to-man, tí kálukú mú ẹni tirẹ̀, wọ́n á ní ó láyà. Ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe sóònù, tí kálukú ń ṣọ́ àyè dípò ènìyàn, wọ́n á ní ó ń fi ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n ṣe pamọ́, tàbí pé ẹsẹ̀ wọn ti wúwo. Kí n tó mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dúró sí nínú sóònù ni mo ti mọ̀ pé ohun ìtìjú ni. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ fún èmi, mi ò sì wo ilé mọ́.

Kóòṣì ní kí n wá bá àwọn lọ́jọ́ Sátidé, kí n wọ bàtà tí mo lè fi sáré. Kọ́ọ̀tù sìmẹ́ńtì ni, ó ti là láàárín, òrùka àwọ̀n kan sì ti tẹ̀ síwájú. Ó fi mí sáàárín àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn, lábẹ́ àwọ̀n gan-an. Ọmọ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà gbogbo ló ni ibẹ̀. Kóòṣì ní kó dúró sẹ́yìn mi kó máa darí mi. Àwọn márùn-ún mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn yí wa ká.

Bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan, àwa márààrún gbọ́dọ̀ ti kúrò níbi tá a wà kó tó dé ọwọ́ ẹnì kejì. Ohun tí mi ò mọ̀ nìyẹn. Bọ́ọ̀lù lọ sí igun òsì, mo gbé ẹsẹ̀ méjì tẹ̀ lé e, ọmọ náà pariwo, "Ẹ̀yìn yín, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn yín!" Kí n tó yíjú, ẹnì kan ti gba ẹ̀yìn mi wọlé, bọ́ọ̀lù sì ti kọjá létí mi. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀ láti nu òógùn ojú, wọ́n jù ú gba ibi tí ọwọ́ mi ti kúrò. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí orúnkún mi fi ń gbọ̀n. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ariwo àwọn ọmọ náà. Wọn ò dákẹ́ rí. "Bọ́ọ̀lù! Ó ń bọ̀ lọ́tùn-ún! Mo ti mú un, padà! Àárín, àárín!" Láti orí àga tí mo ti ń sọ̀rọ̀, etí mi ò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀ rí. Ìdúró nìkan ni mo rí. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnì kan, ẹnì kan náà ló ní láti máa wò. Ẹni tó ń ṣọ́ àyè ní láti máa wo bọ́ọ̀lù, wo àwọn tó ń wọ àyè rẹ̀, wo àwọn tó ń jáde, kó sì máa fi ẹnu sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó kù.

Nígbà tí mo jókòó, kóòṣì bi mí bóyá mo máa ń ta ayò. Mo ní mo máa ń ta á díẹ̀díẹ̀.

"Ẹni tó ń kó ọmọ jọ sílé kan, tí kò tíì jẹ nǹkan kan, tó ń dúró de ọjọ́ tí yóò tú u, kí lẹ máa ń pè é?"

Mo ní tó bá mọ̀ ọ́n kó, ọ̀ta là ń pè é.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè é lọ́lẹ?" Ó kúrò níwájú mi, ó lọ gbé bọ́ọ̀lù.

Mo bẹ̀bẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìdíje ti parí fún àwọn ọmọ náà nígbà yẹn.

Kò yẹ kí n wá fi àṣejù ṣe àtúnṣe o. Sóònù lálèébù. Igun kọ́ọ̀tù méjèèjì jìn sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, ojú ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù fáwù náà máa ń ṣófo, tí bọ́ọ̀lù bá sì ta padà lára òrùka, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹni báyìí lòun ní láti fi ara dí, torí àyè ni wọ́n pín, wọn ò pín ènìyàn. Mo ti rí ẹgbẹ́ tó ń ṣe sóònù torí pé kò wù wọ́n láti sáré lóòótọ́. Àmọ́ àwọn nǹkan yìí ṣeé rí, ó ṣeé sọ. Mo lè sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn kí àwọn olùgbọ́ sì fi ojú ara wọn dájọ́. Ọ̀lẹ kì í ṣe àpèjúwe. Ìdájọ́ ni, mo sì ti dá a kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù kan.

Mo wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lọ, torí ìbéèrè kóòṣì ò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ jìn. Líìgì tó padà di NBA bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1946. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1947, wọ́n ti fòfin de sóònù. Owó ìwọlé ni wọ́n ń rò. Aago ìṣẹ́jú àáyá 24 tó ń fipá mú ẹgbẹ́ láti ju bọ́ọ̀lù, ọdún 1954 ló tó dé. Ṣáájú ìgbà náà, bí ẹgbẹ́ kan bá tò síwájú àwọ̀n, tí èkejì náà sì di bọ́ọ̀lù mọ́ra níta, àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì á máa yán. Bí wọ́n ṣe lé sóònù jáde nìyẹn. Nígbà tó yá, "illegal defense" ni rẹfirí ń pè é tó bá fọn fèrè sí i: ìdènà tó lòdì sófin. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bí sílé tí wọ́n ti ń pe nǹkan lẹ́ṣẹ̀ kì í béèrè bóyá nǹkan ọ̀hún wúlò.

Òfin náà wà títí di ọdún 2001, ohun tó sì jẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò ni pé àwọn òǹwòran tún ti ń yán. Ẹnì kan á di bọ́ọ̀lù mú, àwọn yòókù á lọ dúró lápá kejì kọ́ọ̀tù, torí òfin ò jẹ́ kí àwọn tó ń ṣọ́ wọn fi wọ́n sílẹ̀ wá ṣèrànwọ́. Wọ́n gba sóònù padà. Wọ́n kàn fi kún un pé ẹni tí kò bá ṣọ́ ẹnikẹ́ni ní tòsítòsí kò gbọdọ̀ dúró ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ níwájú àwọ̀n. Ọjọ́ kan ni wọ́n yí ìwé òfin padà. Ẹnu ò yí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣàn ló ti gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ òfin àtijọ́, ohùn wọn ló sì wọ pálọ̀ wa ní Ìbàdàn, tí mo fi gbé ìdájọ́ ọdún 1947 lé orí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí bàbá wọn lọ́dún náà.

Ní yunifásítì Amẹ́ríkà kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Kóòṣì Jim Boeheim fi sóònù méjì-mẹ́ta yẹn, irú èyí tí mo pè lọ́lẹ, gba ife ẹ̀yẹ fún Yunifásítì Syracuse lọ́dún 2003 ní New Orleans, 81 sí 78, lọ́wọ́ Kansas. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, Michael Lee ti Kansas wà ní igun lóun nìkan, ó ju bọ́ọ̀lù onípọ́ìǹtì mẹ́ta tó lè mú wọn dọ́gba. Hakim Warrick kúrò láàárín, ó gbé ẹsẹ̀ gígùn, ó fò, ó gbá a dànù. Mo ti wo fídíò yẹn ju ogún ìgbà lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má wo ọwọ́.

Ohun tó dùn mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ìgbà kejì ni ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn jẹ́ tí mo máa ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 2019 kan náà. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, Toronto gba Golden State lálejò nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì àṣekágbá NBA. Kevin Durant ti Golden State ò sí, Klay Thompson ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì farapa ní kọ́tà kẹrin. Stephen Curry ló wá kù tó lè máa fi bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn dá wọn lóró. Kóòṣì Toronto, Nick Nurse, ní kí mẹ́rin tò bí igun àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú àwọ̀n, kí Fred VanVleet máa lẹ̀ mọ́ Curry níbikíbi tó bá yà sí. Box-and-one ni wọ́n ń pè é. Ó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí Golden State ò fi rí bọ́ọ̀lù kan jù wọlé, àfi ìgbà tí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kù tí Andre Iguodala ju èyí tó gbà wọ́n là. Golden State borí, 109 sí 104. Lẹ́yìn eré, Curry pe ìdènà náà ní "janky". Mi ò bá a jà. Ẹni tí wọ́n dọdẹ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Àwa tí wọn ò dọdẹ wa la gbé ọ̀rọ̀ náà kiri, tí à ń sọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe nílé-ìwé girama ni, pé kò yẹ àgbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà mo ti wà lórí afẹ́fẹ́, mò ń wá Yorùbá tó bá "janky" mu. Ọ̀kan bọ́ sí mi lẹ́nu wẹ́rẹ́: jákujàku. Ó dùn létí. Àwọn olùgbọ́ gbà á lẹ́nu mi, wọ́n ń pè wá lórí fóònù, wọ́n ń sọ ọ́ padà fún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún wọn pé ìdènà jákujàku náà fi ẹnu ẹgbẹ́ tó ti gba ife lẹ́ẹ̀mejì léra gbẹ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mi ò sọ pé bí àwọn méjì mìíràn tó mọ bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn jù dáadáa ò ṣe sí lórí kọ́ọ̀tù mọ́ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe láti fi ènìyàn mẹ́rin sílẹ̀ níwájú àwọ̀n. Ọ̀rọ̀ kan ti tó mi. Ọjọ́ 13 oṣù náà, Toronto gba ife, Nurse wá di ọlọ́pọlọ pípé lẹ́nu gbogbo wa, lẹ́nu èmi náà.

Kóòṣì sọ fún mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn pé òun gbọ́ ètò àárọ̀ tí mo ti sọ jákujàku náà. Ó ní nígbà tí ilé-ìwé wọlé ní oṣù kẹsàn-án, òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ òun ní box-and-one torí pé wọ́n kúrú, wọ́n sì yára. Ọ̀kan nínú wọn bi òun pé, "Sà, ṣé jákujàku yẹn ni?" Ó ní òun ò kọ́ wọn mọ́.

Orúkọ rere náà ń tanni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 yẹn kan náà, Toronto yìí ló dá Giannis Antetokounmpo ti Milwaukee dúró, ọmọ tó jẹ́ pé Adétòkunbọ̀ ni orúkọ ìdílé bàbá rẹ̀ kí àwọn ará Gíríìsì tó kọ ọ́ bó ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn. "Ògiri" ni wọ́n pe ohun tí wọ́n ṣe sí i. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn, mo sì lò ó gan-an. Kò pẹ́ tí mo fi ń rí kóòṣì ilé-ìwé tó ń to ọmọ mẹ́ta síwájú ọmọ gíga, tí wọ́n á dúró gbagidi bíi búlọ́ọ̀kù, tí bọ́ọ̀lù á bọ́ sí igun tí ẹni tó wà níbẹ̀ á rọra jù ú wọlé. Ògiri Toronto kì í dúró lójú kan. Kawhi Leonard á kò ó lójú níwájú, Marc Gasol á ti sún wá lẹ́yìn, tí bọ́ọ̀lù bá sì jáde, ẹni tó wá ṣèrànwọ́ á ti sáré padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀ ju ara lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn náà fi ẹsẹ̀ wọn pamọ́ fún àwọn ọmọ wa.

Ìdènà tí wọn ò tilẹ̀ sọ lórúkọ ńkọ́? Bàbá mi fẹ́ràn Hakeem Ọlájùwọ́n ju gbogbo wọn lọ, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1963, tó ti ṣe aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kó tó mọ básíkẹ́tì. Tí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, Dream Shake ló máa ń ṣàfihàn fún wa ní pálọ̀: á mi èjìká sọ́tùn-ún, á yí bìrí sósì. Kò ṣàfihàn bó ṣe ń dènà rí. Mi ò dá a lẹ́bi. Ohun tó lórúkọ ló rọrùn láti sọ. Ní Yunifásítì Houston, akọ̀ròyìn kan ti fún ẹgbẹ́ wọn ní Phi Slama Jama lọ́dún 1983, orúkọ tó dá lórí dọ́ńkì, ìyẹn kéèyàn fò kó sì fi ọwọ́ ki bọ́ọ̀lù bọ inú àwọ̀n. Ó dùn débi pé ó bo ọmọ Èkó tó wà lábẹ́ àwọ̀n tí kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù ẹlòmíì wọlé mọ́lẹ̀. Nígbà tó dé NBA, ní ẹgbẹ́ Houston Rockets, bọ́ọ̀lù 3,830 ló gbá kúrò lókè, kò sì tíì sẹ́ni tó tó o níbẹ̀. Wọ́n fi í ṣe olùdènà tó dára jù lọ lọ́dún 1993, wọ́n tún fi í ṣe é lọ́dún 1994. Ife ọdún 1994 yẹn gan-an, ìka ló fi gbà á. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹfà, Houston 86, New York 84, John Starks gbé bọ́ọ̀lù tó lè fi ife fún New York sókè, ìka Ọlájùwọ́n kàn án, bọ́ọ̀lù ò dé ibi tó ń lọ. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ ni Houston gba ife. Mo bi bàbá mi lẹ́ẹ̀kan pé kí ni wọ́n ń pe ohun tó ṣe sí Starks. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Wọn ò fún un lórúkọ."

Yunifásítì Georgetown tó na Yunifásítì Houston ti Ọlájùwọ́n ní àṣekágbá àwọn yunifásítì ọdún 1984, 84 sí 75, gba orúkọ tiwọn, ó sì burú. John Thompson ni kóòṣì wọn, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife yẹn. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń fún ènìyàn mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀tù dé òpin. Hoyas ni ìnagijẹ ẹgbẹ́ náà, "Hoya Paranoia" sì ni ìwé ìròyìn ń pè é, bí ẹni pé ìfura àti àìfọkàntánni ló ń dà wọ́n láàmú. Ara ohun tó bí orúkọ náà ni pé Thompson kì í jẹ́ kí akọ̀ròyìn sún mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sóhun tó kan ìdènà nínú ìyẹn. Àmọ́ orúkọ náà ò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ inú kọ́ọ̀tù lọ, ó di bí wọ́n ṣe ń wo gbogbo ohun tí àwọn ọmọ náà bá ṣe. Ìfúnmọ́lẹ̀ kan náà tí mo ti gbọ́ tí wọ́n pè ní akínkanjú lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì, ìhàlẹ̀ ló di lọ́dọ̀ wọn.

Èyí ló wà lọ́kàn mi nígbà tí D'Tigress, ẹgbẹ́ básíkẹ́tì àwọn obìnrin Nàìjíríà, lọ sí Olympics ọdún 2024 ní Paris. Ọjọ́ 29 oṣù keje, ní Lille, wọ́n na Ọsirélíà 75 sí 62. Gbogbo ohun tí mò ń gbọ́ lórí tẹlifíṣàn òkèèrè ni agbára, eré sísá, okun. Irọ́ kọ́. Wọ́n lágbára. Àmọ́ mo ti pinnu láti ọdún 2019 pé mi ò ní sọ ìdènà kankan lórúkọ lórí afẹ́fẹ́ kí n tó sọ ibi tí àwọn ènìyàn dúró, ohun tí wọ́n fẹ́ dí, àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Nítorí náà mo sọ ohun tí mo rí. Ọmọbìnrin àkọ́kọ́ á ti lọ pàdé bọ́ọ̀lù kó tó sọdá ìdajì kọ́ọ̀tù, á yí ara rẹ̀ sápá kan tí ẹni tó ni bọ́ọ̀lù ò fi ní rọ́nà gba àárín, á máa tì í lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnì kejì ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣọ́. Ó wà lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Àwọn obìnrin gíga Ọsirélíà ń gba bọ́ọ̀lù níbi tó jìn sí ibi tí wọ́n fẹ́.

Ìyá kan tó ń tajà lọ́jà Bódìjà pè wá. Ó ní òun ò wo básíkẹ́tì rí, rédíò lòun fi ń gbọ́ ọ. Ó ní, "Ọmọ mi, ìyẹn ni pé ìlà ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀tù náà ń bá wọn ṣọ́ ọ." Mo ti ń sọ̀rọ̀ básíkẹ́tì fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò fi ẹnu mi sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n na Kánádà 79 sí 70, wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó máa dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kù nínú básíkẹ́tì Olympics. Amẹ́ríkà ló dá wọn padà, 88 sí 74. Rena Wakama, kóòṣì D'Tigress, ni wọ́n mú ní kóòṣì tó dára jù lọ nínú ìdíje àwọn obìnrin. Bó bá jẹ́ pé okun nìkan ló gbé wọn débẹ̀, kí ni wọ́n wá fún kóòṣì ní ẹ̀bùn lé lórí?

Lọ́dún yẹn náà, kí ọdún tó parí, ọkọ̀ mi kọṣẹ́ lágbègbè Challenge. Mo ń ṣàlàyé bó ṣe ń dún fún ọ̀gá mẹkáníìkì nígbà tí ọmọṣẹ́ kan yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀ mìíràn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́, sà. Ohùn yín ni mo kọ́kọ́ mọ̀." Ọmọ tó dúró sẹ́yìn mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni, ọmọ àárín. Ó ti ga sí i. Ó ní òun ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láti ìgbà ìdíje náà, pé iṣẹ́ ò jẹ́ kí àyè wà, àmọ́ òun gbọ́ gbogbo ti Paris lórí fóònù òun.

Mo ní kó má bínú sí mi. Kò fèsì sí ìyẹn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà, ó mú nọ́ọ̀tì márùn-ún nínú agolo mílíìkì kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tò wọ́n sórí sìmẹ́ńtì: méjì níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Ó fi púlọ́ọ̀gì kan ṣe ọmọ gíga tó nà wọ́n nínú eré kejì.

"Ibí yìí ló ti ń gba bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ yẹn," ó ní. Ó fi ìka kan sórí nọ́ọ̀tì àárín, ó sún un síwájú díẹ̀. "Ibí ni ǹ bá dúró sí."

Ó wò ó. Ó tún sún un sọ́tùn-ún, ìwọ̀n ìka kan.